Ìmọ̀ kọ́ ni ìgbàgbọ́: èsì sí orúkọ mẹ́rin tí Ẹ̀gbọ́n dá

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú làákàyè. Mo ti ka orúkọ mẹ́rin tí ẹ dá fún ẹ̀kọ́ yunifásítì: ìmọ̀-ìyè fún bàyọ́lọ́jì, ìmọ̀-agbára fún físíìsì, ìmọ̀-ọgbọ́n fún filọ́sọ́fì, ìmọ̀-ìgbàgbọ́ fún ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀sìn. Ẹ ní kí ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn wí. Èmi kò fara mọ́ ọn. "Ìmọ̀" tí ẹ ń lù mọ́ gbogbo wọn bí òǹtẹ̀ yẹn ló ń bí mi nínú.

Lọ́dọ̀ wa ní Èkìtì, bí o bá sáré wọlé wá sọ pé àwọn kan ń jà lọ́jà, ohun tí ìyá mi àgbà yóò kọ́kọ́ bi ọ́ ni pé, "Ṣé ó ṣojú ẹ?" Bí o bá ní wọ́n sọ fún ọ ni, á ní, "O ò mọ̀ nìyẹn. O gbọ́ ni." Ìròyìn ò tó àfojúbà. Kí ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ arúgbó lásán ni. Barry Hallen àti Olubi Sodipo, olùkọ́ filọ́sọ́fì ní Yunifásítì Ifẹ̀, jókòó ti àwọn oníṣègùn Èkìtì, wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n bá bọ̀ jáde lọ́dún 1986: èyí tó ṣojú ẹni, tí ọkàn ẹni jẹ́rìí sí, ni àwọn àgbà yẹn ń pè ní ìmọ̀. Èyí tí a gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíì tí a sì gbà, títí kan ohun tí a kà nínú ìwé, ìgbàgbọ́ ni. Gbà, gbọ́. Ẹ̀yin wá fa ìlà kékeré sáàárín méjèèjì, ẹ ní kí wọ́n di ọ̀rọ̀ kan.

Bàyọ́lọ́jì rọrùn. Robert Hooke fi awò tó ń sọ kékeré di ńlá wo èèpo igi, ó sì rí sẹ́ẹ̀lì, àwọn yàrá tíntìntín tó para pọ̀ di ohun abẹ̀mí, ní 1665. Ó ṣojú rẹ̀ kòró. Ẹ máa pè é ní ìmọ̀. Físíìsì wá ńkọ́? Ẹ wo J. J. Thomson, onífísíìsì, ní 1897. Kò fojú kan ẹlẹ́kitírọ́ọ̀nù, èérún tíntìntín inú átọ́ọ̀mù, rí. Ohun tó rí ni ìtànṣán tó ń yẹ̀ lójú ọ̀nà nínú ìgò tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, nígbà tí òòfà bá sún mọ́ ọn. Ṣé ó mọ̀ ni, àbí ó gbà gbọ́? Èmi ní ó mòye. Ẹnìkan á ní "mọ̀" náà ló wà nínú "mòye". Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òye ni wọ́n mọ̀ níbẹ̀, kì í ṣe nǹkan náà gan-an. Ìmòye ọ̀hún sì ti wà nílẹ̀ fún filọ́sọ́fì kí ẹ tó gbé ìmọ̀-ọgbọ́n dé. Ta ló rán yín níṣẹ́?

Ti ìgbàgbọ́ ló burú jù. Ẹ dé Ìwó tàbí Ìlọrin kí ẹ sọ fún mùsùlùmí pé ọmọ rẹ̀ ń ka ìmọ̀-ìgbàgbọ́: Bíbélì ni yóò rò pé wọ́n gbé lé e lọ́wọ́, torí Ìgbàgbọ́ lọ́tọ̀, Ìmàle lọ́tọ̀. Ológùn-ún ńkọ́? Ta ni ẹ gbọ́ rí tó ní òun gbàgbọ́ nínú Ògún? Ó ń bọ Ògún ni. Sìn àti bọ ni iṣẹ́ ibẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń jẹ́ ẹ̀sìn. Ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn tó, ó pé.

Ẹ jẹ́ kí físíìsì máa jẹ́ físíìsì. A gba àdúrà, a gba wákàtí, a gba àlùfáà láti inú èdè mìíràn, Yorùbá ò kú.

Àbúrò wa ní Lọ́ńdọ̀nù tó fèsì pé "eko esin" ti pẹ́ lẹ́nu òun, tí kò fi àmì kankan sí i: mo kà á, ẹ̀kọ ẹṣin ni mo rí. Kó lọ fàmì sí i kí n tó dá a lóhùn lórí ọ̀rọ̀ físíìsì tó sọ, pé ọ̀kan náà ni ipá àti agbára.