Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: aago wo ni mo lè fi ṣí kọ̀ǹpútà mi ní ṣọ́ọ̀bù?

Onífọ́tò Ìjẹ̀bú-Òde
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Iṣẹ́ fọ́tò ni mò ń ṣe, MacBook Air ọdún 2017 ni mo sì fi ń to àwòrán. Tí Ojúde Ọba bá ti ń sún mọ́lé báyìí, èrò á kún inú ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ẹgbẹ́ régbérégbé á dúró tì mí lẹ́yìn, wọ́n á máa nàka sí èyí tí wọ́n fẹ́ kí n tẹ̀. Kí n tó lọ sídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kí n tó padà, kọ̀ǹpútà ti ti ara rẹ̀, màá tún máa tẹ password lójú gbogbo wọn. Ọkàn mi kì í balẹ̀ sí i rárá. Àwòrán ọlọ́mọge, àwòrán ọmọ ọlọ́mọ ló wà níbẹ̀.

Wọ́n ní aago kan wà tó ń ṣí kọ̀ǹpútà. Fóònù Samsung ni mò ń lò. Ẹnì kan fẹ́ ta Galaxy Watch fún mi, ẹlòmíì ní Apple Watch tòkunbọ̀. Èwo ni kí n rà?

Ọmọ Ìpẹru
Ẹ má tíì sanwó fún ẹnikẹ́ni. Apple Watch ni Mac mọ̀. Galaxy Watch dáa lọ́wọ́ oní-Samsung, ṣùgbọ́n kò ní ṣe iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ yìí. Ibi tọ́rọ̀ ti le ni pé Apple Watch kì í bá Samsung ṣe pọ̀. iPhone ló gbọ́dọ̀ so mọ́ kó tó lè dìde rárá.

Alátùn-únṣe Ṣágámù
Òótọ́ lọ̀rọ̀ Ọmọ Ìpẹru. Ẹ jẹ́ kí n fi kún un, torí mo ń rí àwọn tó ń gbé aago wá sọ́dọ̀ mi lẹ́yìn tí owó ti lọ.

Ọdún 2016 ni iṣẹ́ yìí wọ inú Mac, pẹ̀lú macOS Sierra, ìyẹn ètò tó ń darí Mac. Mac tó bá jáde láti àárín 2013 wá sókè ló lè ṣe é, nítorí náà ọjọ́ orí tiyín kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ fojú ara yín rí i. Ẹ tẹ àmì ápù tó wà lókè lápá òsì, ẹ wọ About This Mac, kí ẹ tẹ System Report. Ẹ wá Wi-Fi nínú orúkọ tó tò sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ wo ìlà Auto Unlock. Supported ló yẹ kó wà níwájú rẹ̀.

Ti aago wá ńkọ́? Ayédèrú pọ̀ lọ́jà, ìrísí òun àti ojúlówó sì jọra gan-an. Ẹ má wo páálí, ẹ ní kí wọ́n so ó mọ́ iPhone lójú yín. Ojúlówó máa gbé àwòrán kan jáde bí ìkùukùu tó ń yí po lójú aago, kámẹ́rà iPhone lẹ ó sì fi wò ó. Èyí tó bá gbé QR code síta pé kí ẹ lọ wa app kan wálẹ̀, ẹ dá a padà fún un. Tó bá sì jẹ́ ojúlówó, tó wá ń béèrè Apple ID (àkáǹtì Apple) ẹni tó ti lò ó tẹ́lẹ̀, ẹ má gbà á àfi tí ẹni náà bá yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí alátùn-únṣe lè bá yín ṣe.

Màmá Ìlíṣàn
Ọmọ mi, kí ó tó di pé o rà á, lọ dín àsìkò tí kọ̀ǹpútà fi ń ti ara rẹ̀ kù, má fi í sílẹ̀ gbayawu nítorí pé o ń retí aago. Ohun oníbàárà, ohun àmójútó ni.

Olùkọ́ Àgọ́-Ìwòyè
Windows lèmi ń lò, ṣé tiwa náà wà níbẹ̀?

Alátùn-únṣe Ṣágámù
Rárá, ọ̀gá. Dynamic Lock ni Windows ní. Ẹ ó fi Bluetooth so fóònù yín mọ́ ọn, tí ẹ bá rìn jìnnà pẹ̀lú fóònù, á ti ara rẹ̀. Títì nìkan ló mọ̀, kì í ṣí. Ẹ ra ẹ̀rọ ìtẹ̀ka kékeré tó ń wọ ojú USB, tí wọ́n kọ Windows Hello sí lára. Ìka kan ti tó, ó sì dín owó ju aago lọ.

Onífọ́tò Ìjẹ̀bú-Òde
Ẹ ṣeun gidigidi. Mo ti wò ó, Supported ni! Ẹ̀gbọ́n mi sì fẹ́ fún mi ní iPhone X rẹ̀. Ṣé kò sí ìṣòro mọ́?

Alátùn-únṣe Ṣágámù
Ó kù kan, òun ló sì ń dun èèyàn jù. iOS ni ètò tó ń darí iPhone, iOS 16 sì ni iPhone X ti dúró. Aago tó bá ti gun orí watchOS 10, ìyẹn ètò ti aago, ń fẹ́ iPhone XS tàbí XR sókè, kò sì sí bí a ṣe lè dá a padà sí ti àtijọ́. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á ya fọ́tò Settings, General, About aago náà ránṣẹ́. Tí ẹ bá rí 9 níbẹ̀, ó bá a mu. Tó bá ti jẹ́ 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ wá òmíràn.

Ẹ̀gbọ́n yín gbọ́dọ̀ jáde kúrò lórí iPhone náà pátápátá. Apple ID kan náà, tiyín, ni kó wà lórí Mac àti aago, kí two-factor, ìyẹn ààbò tó ń béèrè kóòdù lẹ́yìn password, sì wà ní títàn. Ẹ fi passcode sórí aago. Tí ẹ bá bọ́ ọ lọ́wọ́, á ti ara rẹ̀, ẹni tó bá gbé e kò ní rí nǹkan ṣí.

Ọmọ Ìpẹru
Ẹ tún mọ èyí: tí iná bá lọ tí bátìrì kú, tí ẹ wá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan Mac, password lẹ máa fọwọ́ tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀yìn ìyẹn ni aago á tó máa ṣí i. Ẹ kúkú tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ kí èrò tó dé.

Onífọ́tò Ìjẹ̀bú-Òde
Fọ́tò rẹ̀ ti dé, 9.6 ló wà níbẹ̀. Ó gbà kí n gbé Mac àti iPhone wá, kí n dán an wò kí n tó sanwó.

Alátùn-únṣe Ṣágámù
Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ tan Wi-Fi àti Bluetooth Mac náà, kí ẹ pa Internet Sharing rẹ̀ (èyí tí Mac fi ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì fún ẹ̀rọ mìíràn), torí kò ní ṣiṣẹ́ tí ìyẹn bá wà ní títàn. Tí kò bá sí íńtánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, ẹ fi Samsung yín ṣe hotspot.