Sáfà wa ní Kàbà ti padà bọ̀ sípò

Ẹ̀yin ará, òkun o. Lọ́jọ́ Ajé ni mo kọ̀wé pé sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó gbé ìkànnì ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kò dáhùn mọ́, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ kò pọ̀ lọ́rùn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti yanjú.

Mo tẹ àṣẹ ss -ant, tó ń fi àwọn tó ń bá sáfà sọ̀rọ̀ hàn, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti ní kí n ṣe, SYN-RECV ló sì kún ojú kọ̀ǹpútà láti òkè dé ilẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé àwọn kan ń kanlẹ̀kùn, sáfà ń dá wọn lóhùn, ṣùgbọ́n wọn kò wọlé. Linux, ètò tó ń darí sáfà náà, a máa tún ìdáhùn yẹn fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀marùn-ún kó tó jáwọ́, ó sì ń tó ìṣẹ́jú kan kí àyè kọ̀ọ̀kan nínú ìlà àwọn tó ń dúró láti wọlé tó ṣófo; ìdí nìyí tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kò fi ráyè wọlé. Odidi òru kan ni mo fi dínà mọ́ àwọn àdírẹ́sì tí ìkanlẹ̀kùn náà ti ń wá lọ́kọ̀ọ̀kan, láìmọ̀ pé ayédèrú ni wọ́n.

Ohun tó gbà wá ni tcp_syncookies, ètò kan nínú Linux tó ń lo ọgbọ́n tí Daniel J. Bernstein gbé kalẹ̀ ní 1996: bí ìlà bá ti kún, sáfà kò ní fi àyè pamọ́ fún ẹnikẹ́ni àfi ẹni tó bá dáhùn padà. Ẹni tó ṣiṣẹ́ yìí ṣáájú mi ti fi í sí 0, ìyẹn ni pé ó pa á. Mo dá a padà sí 1 kó lè máa ṣiṣẹ́, mo sì kọ ọ́ sínú fáìlì ètò /etc/sysctl.conf kó má bàa nù nígbà tí a bá tan sáfà padà.

SYN-RECV ṣì ń yọjú, ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí ni akápò wa ṣí ìkànnì náà lórí fóònù rẹ̀ lójú mi, ó sì rí àkọsílẹ̀ owó rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ ṣeun gan-an ni.