Wáyà wo ni ó yẹ SSD alágbèéká tó yára?

Olùbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ará. Mo ra SSD alágbèéká kan, ìyẹn ohun kékeré tí a ń kó fáìlì sí, tí ìyára rẹ̀ tó 1,000 megabyte ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, láti máa fi tọ́jú àwọn fídíò tí mo ń yà. Wáyà tí wọ́n kó mọ́ ọn kúrú jù fún mi, nítorí náà mo fi wáyà ṣájà fóònù mi rọ́pò rẹ̀, torí pé ẹnu USB-C kan náà ni àwọn méjèèjì ní. Láti ìgbà náà, kò ju nǹkan bí 40 megabyte lọ mọ́, fáìlì 100 gigabyte sì ń gbà ju 40 ìṣẹ́jú lọ. Mo tún ra òmíràn tó gùn ní mítà 2. Èyí yára, ṣùgbọ́n SSD náà a máa já kúrò lára kọ̀ǹpútà nígbà tí fáìlì ṣì ń wọlé, ó sì ti ba fídíò 2 jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, iṣẹ́ tí n kò lè padà lọ yà. Ṣé SSD náà ni ó fẹ́ kú ni, àbí wáyà ni?

Ìdáhùn 1: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ọ̀rọ̀ fídíò yẹn dùn mí. Wáyà ṣájà yín kò bàjẹ́, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. USB-C kàn ń sọ bí ẹnu wáyà ṣe rí ni, kò sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wáyà ṣájà fóònù jẹ́ USB 2.0, tí òpin ìyára rẹ̀ jẹ́ 480 megabit ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nígbà tí ó jẹ́ pé bit 8 ló ń di byte 1, 60 megabyte ni èyí já sí, kì í sì í pé bẹ́ẹ̀ lójú iṣẹ́. Ibẹ̀ ni 40 tí ẹ ń rí ti wá. Ẹ má ṣe jẹ́ kí 100W tàbí 240W tí wọ́n kọ sára páálí tàn yín, nítorí iná tí wáyà lè gbé ni wọ́n ń sọ. Nọ́ńbà tí Gbps (gigabit ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) tẹ̀ lé ni kí ẹ wá, 10Gbps ni ó sì bá SSD yín mu.

Ìdáhùn 2: Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n wáyà mítà 2 yẹn ni ó ká mi lára jù, nítorí pé èyí tó lọ́ra ń fi àkókò ṣòfò ni, èyí tó ń já ń ba iṣẹ́ jẹ́. Bí dátà bá ṣe yára tó ni gígùn wáyà ṣe ń yọ ọ́ lẹ́nu tó. Fún 10Gbps, n kì í ra wáyà lásán tó ju mítà 1 lọ. Kí ẹ tó dá SSD lẹ́bi, ẹ fi wáyà kúkúrú tó bá a wá dán an wò, kí ẹ sì fi í sínú kọ̀ǹpútà gan-an, láìgba inú hub kankan (ohun tó ń sọ ihò USB kan di púpọ̀) kọjá.

Ìdáhùn 3: Bí ẹ bá fẹ́ kí ó gùn, wáyà Thunderbolt 4 wà, irú wáyà kan tó yára gan-an tí òun náà ní ẹnu USB-C, tó lè tó mítà 2, tó sì ń bá USB ṣiṣẹ́ dáadáa, àmọ́ owó rẹ̀ pọ̀. Ẹ ṣọ́ra fún Thunderbolt 3 tó gùn: ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ń padà sí ìyára USB 2.0 bí ohun tí a so mọ́ ọn kò bá jẹ́ Thunderbolt.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo fi wáyà kúkúrú náà kó 100 gigabyte ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kò já rárá. N ó ra ti mítà 1. Báwo ni n ó ṣe mọ̀ pé nọ́ńbà ara rẹ̀ kì í ṣe irọ́?

Ìdáhùn 2: Lórí Linux, ẹ tẹ àṣẹ lsusb -t nínú terminal, bí ẹ bá rí 480M (ìyára USB 2.0 nìyẹn), ẹ dá wáyà náà padà, 10000M ni ó yẹ kí ẹ rí. Lórí Mac, apá USB nínú System Information yóò sọ ọ́ fún yín. Lẹ́yìn náà, ẹ kó fáìlì ńlá kan, kí ẹ rọra mi ẹnu wáyà náà bó ṣe ń lọ. Fáìlì tí ẹ ní ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn ni kí ẹ fi ṣe é o, kí ẹ má sì pa ti inú kámẹ́rà rẹ́ títí ẹ ó fi ṣí ẹ̀dà tuntun náà wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.