Ṣé ká gbé fídíò yìí sára ògiri níbi ọjọ́ ìbí àǹtí mi?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Àǹtí mi tó wà ní London máa pé ọmọ 60 ọdún lóṣù tó ń bọ̀. Orin kan ṣoṣo ló ní ká kọ fún òun: Total Eclipse of the Heart, tí Bonnie Tyler gbé jáde lọ́dún 1983. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ò le, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni. Àmọ́ tó bá ti dé ibi tó ń gbóhùn sókè, ohùn mi á kàn já ni! Ẹ̀gbọ́n mi ló máa gba ti ọkùnrin tó ń gbè é, èyí tí Rory Dodd kọ.

Àbúrò mi wá ní ká máa gbé fídíò rẹ̀ sára ògiri. Mo wò ó lánàá. Ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ àtijọ́ kan ní Surrey ni wọ́n ti yà á. Ẹyẹlé ń fò, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ aṣọ ojú fèrèsé, ojú àwọn ọmọ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì sì ń tàn yòò bí iná mọ́tò. Ìyá àgbà máa wà níbẹ̀ o! Tí wọ́n bá rí ojú yẹn, àdúrà ló kù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọ ọ́ rí, ṣé ká gbé ohùn orin náà wálẹ̀ ni, àbí kí gbogbo ilé jọ gbè é? Fídíò ńkọ́?