Wáráńtì ọdún mẹ́wàá lórí ilé tuntun: ṣé gbogbo nǹkan ló bò ni?

ÌyáTèmi_Kent
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀dọ̀ àwọn tó ti ra ilé tuntun nílùú Ọba níbí ni ìbéèrè mi ń lọ. Èmi àti bàbá Tèmi ra ilé kan ní Kent, àwa la kọ́kọ́ gbé inú ẹ̀, oṣù díẹ̀ ló kù kó pé ọdún méjì tí wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ lé wa lọ́wọ́. Ògiri ti ń sán níbi àtẹ̀gùn àti lókè ẹnu ọ̀nà, púpọ̀ nínú ẹ̀ tín-ín-rín ni, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà lábẹ́ fèrèsé pálọ̀ tí etí kọ́ìnì ń wọ̀, ilẹ̀kùn tó wà nítòsí ẹ̀ náà ò sì pa dé mọ́ àfi téèyàn bá fi èjìká tì í. Yàrá ọmọ ńkọ́, igun tó kọjú síta ti ń dúdú, mo nù ún nù ún, á tún padà wá. Bọ́ílà náà, omi inú ẹ̀ ń wálẹ̀ ṣáá. Mo pe bíldà, ọmọbìnrin tó gbé fóònù ní ilé ló ń gbẹ, kò sí èyí tó kan àwọn níbẹ̀. Bàbá Tèmi ní ká fi wọ́n sílẹ̀, ṣebí NHBC, iléeṣẹ́ tó ń ṣe onídùúró fún ilé tuntun níbí, fún wa ní wáráńtì ọdún mẹ́wàá, ìgbà tó bá wù wá la lè pè wọ́n. Ọkàn mi ò gbà á. Èwo gan-an ni tiwọn, èwo ni tiwa?

BíríkìlàLuton
Ilé á tura o Ìyá Tèmi. Ẹ bá mi bẹ bàbá Tèmi kí wọ́n má fi sílẹ̀ rárá. Ọdún mẹ́wàá yẹn, apá méjì ló ní, apá kejì ò sì dà bí àkọ́kọ́. Nínú Buildmark, ìyẹn ìwé wáráńtì NHBC, ọdún méjì àkọ́kọ́, ọrùn bíldà ló wà: ohun tí wọn ò bá ṣe bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é, ilẹ̀kùn ni o, táìsì ni o, páìpù tó ń jò ni o, àwọn ló máa wá tún un ṣe. Tó bá ti wọ ọdún kẹta títí dé ìkẹwàá, ó ti di ìńṣọ́ránsì nìyẹn, àwọn nǹkan ńlá bí ìpìlẹ̀, ògiri àti òrùlé ló sì ń bò, ìyẹn tí wọ́n bá bàjẹ́ torí pé bíldà ò kọ́ ọ bí ìlànà NHBC ṣe là á sílẹ̀, owó àtúnṣe ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ tó iye kan tó wà nínú ìwé yín kí wọ́n tó dá yín lóhùn. Tí ọdún méjì bá fi kọjá tẹ́ ò tíì sọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn yẹn, ẹ̀yin lẹ máa wá kápẹ́ńtà, ẹ̀yin lẹ máa sanwó.

Ti ògiri yẹn, ọmọbìnrin yẹn ò parọ́ tán o. Omi pọ̀ nínú kọnkéré, ó pọ̀ nínú pílásítà, bó bá ṣe ń gbẹ ló ṣe ń sún kì, ó sì lè tó ọdún kan kó tó gbẹ tán, pàápàá tí wọ́n bá kọ́ ọ lásìkò òjò. Èyí tó tín-ín-rín yẹn, fílà tí wọ́n fi ń dí ojú ibi tó sán àti ọ̀dà ti tó o, wáráńtì ò kà á sí. Àmọ́ èyí tó gba kọ́ìnì, tó wà lábẹ́ fèrèsé, tí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ tún wá há, lójú èmi tí mò ń mọ ògiri, ìyẹn kọjá gbígbẹ. Ẹ fi pẹ́ńsù fàlà síbi tó parí sí lókè àti nísàlẹ̀, ẹ kọ déètì síbẹ̀, ẹ gbé rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ tó ya fọ́tò, tó bá di ọ̀sẹ̀ mélòó kan kẹ́ ẹ tún yà á. Tó bá ti kọjá ìlà yẹn, ilé ń rìn nìyẹn. Ẹ lọ wo ẹ̀yìn ògiri náà níta bóyá bíríkì sán.

Ẹ yé pè wọ́n lórí fóònù, ímeèlì ni kẹ́ ẹ kọ, yàrá kan tẹ̀ lé òmíràn pẹ̀lú fọ́tò, kó sì dé ọwọ́ wọn kí ọdún méjì tó pé, torí èyí tẹ́ ẹ bá ti kọ ránṣẹ́ láàárín ọdún méjì, wọ́n ṣì máa ṣe é kódà tí ọjọ́ bá ti kọjá. Tí wọ́n bá ń fi yín ṣeré, NHBC ní ètò tó ń dá sí ọ̀rọ̀ àárín onílé àti bíldà. New Homes Ombudsman náà wà, àwọn ló ń gbọ́ ẹjọ́ ẹni tó ra ilé tuntun, ọdún 2022 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọn kì í gbowó lọ́wọ́ onílé, àfi kẹ́ ẹ wò ó bóyá bíldà yín forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú New Homes Quality Board, àjọ tó ń ṣe ìlànà fún àwọn bíldà.

ÀǹtíGáàsì
Ẹ jẹ́ n mú ti igun dúdú yẹn. Ilé tuntun ò dà bí ilé àtijọ́ tí atẹ́gùn ń gba gbogbo ojú ihò wọlé, wọ́n ti dí i pa kí ooru má bàa jáde. Oru tó ń jáde nínú ìkòkò ẹ̀wà, nínú omi ìwẹ̀, nínú aṣọ tẹ́ ẹ sá sórí radiator, kò ríbi gbà, ojú ibi tó tutù jù lọ ló máa ń lọ di omi. Lókè fèrèsé yín ihò gbọọrọ kan wà tó ní ìdérí, trickle vent ni wọ́n ń pè é, ọ̀pọ̀ ará ilé wa máa ń tì í pa nítorí òtútù. Ẹ ṣí i sílẹ̀ o, kẹ́ ẹ sì tan hítà níwọ̀nba lójoojúmọ́ dípò kẹ́ ẹ tàn án gbóná janjan fún wákàtí kan kẹ́ ẹ tún pa á. Fáànù bálùwẹ̀ ńkọ́? Ẹ gbé tíṣù pélébé kan sójú ẹ̀ nígbà tó bá ń yí, tó bá lẹ̀ mọ́ ọn ó dáa, tó bá já bọ́, ọ̀rọ̀ bíldà nìyẹn, ẹ fi kún ímeèlì. Ẹ tún ní kí wọ́n wo inú àjà bóyá insulation, ohun tí wọ́n fi ń dá ooru dúró, dé orí igun yẹn, mo ti wọ ilé tuntun tí wọn ò tẹ́ ẹ débẹ̀.

Bọ́ílà yín, ìwé tiẹ̀ lọ́tọ̀. Iléeṣẹ́ tó ṣe é ló ń fúnni ní wáráńtì ẹ̀, wọ́n sì máa ń ní kí ẹni tó wà lórí Gas Safe Register, ìwé orúkọ àwọn tí òfin gbà láyè láti ṣiṣẹ́ gáàsì, ṣe sáfíìsì ẹ̀ lọ́dọọdún, tẹ́ ẹ bá fo ọdún kan, ó lè já mọ́ yín lọ́wọ́. Tó bá tutù, gééjì iwájú ẹ̀ yẹ kó wà láàárín 1 sí 1.5 bar. Tẹ́ ẹ bá ń pọn omi sí i tó ṣì ń wálẹ̀, omi ń jò níbì kan, ẹ pè wọ́n báyìí. Sílíkọ́ọ̀nù etí báàfù tó bá ti ń ṣí, tiyín ni. Gọ́tà náà tiyín ni, tí ewé bá ti wọ́ tán kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n kó o, torí tí omi bá gba ibẹ̀ ya wọ ògiri, wọ́n á ní onílé ò tọ́jú ilé ẹ̀. Gbogbo rìsíìtì, inú fáìlì kan.

Wálé_Houston
Ọ̀dọ̀ tiwa ní Houston níbí, ohun tí bíldà sábà máa ń kọ ni ọdún 1 fún iṣẹ́ ọwọ́, 2 fún páìpù, iná àti éèsì, 10 fún ohun tó gbé ilé ró. Àmọ́ láti 2023 òfin Texas ti yí padà, tí bíldà bá kọ 1, 2, 6 sínú ìwé fún yín, ọdún mẹ́fà péré lẹ ní láti gbé e lọ kóòtù, kì í ṣe mẹ́wàá mọ́. Ẹni tó bá ń rà níbí kó kà á dáadáa kó tó buwọ́ lù ú. Ilẹ̀ wa amọ̀ ni, tọ́jọ́ bá gbẹ á sún kì, tójò bá rọ̀ á wú, ìpìlẹ̀ á wá máa bá a gòkè sọ̀kalẹ̀, ìdí nìyẹn tá a fi máa ń tẹ́ rọ́bà tó ń kán omi díẹ̀díẹ̀ yí ilé ká lásìkò ọ̀dá.

ÌyáTèmi_Kent
Ẹ ṣé gan-an ni, Olúwa á bá wa tọ́jú ilé yín náà. Bàbá Tèmi ti kà á, a jọ jáde lọ wo ògiri yẹn, bíríkì níta náà sán lóòótọ́, ó ń gba àárín bíríkì lọ gátagàta bí àtẹ̀gùn. Ímeèlì ń lọ lálẹ́ òní. Ohun kan ló kù, ẹsẹ̀ ògiri yẹn gan-an ni mo kọ ebè sí, mo gbin ewédú àti tòmátì, ṣé kò lè dá wàhálà sílẹ̀?

BíríkìlàLuton
Ó lè dá a sílẹ̀ o mà. Nísàlẹ̀ ògiri, ìpele kan wà láàárín bíríkì tí wọ́n fi ń dá omi ilẹ̀ dúró, ó yẹ kó fi 150mm ga ju ilẹ̀ lọ. Tí iyẹ̀pẹ̀ bá bò ó, omi á gba orí ẹ̀ kọjá sínú ilé, ẹni tí wọ́n bá sì rán wá á rí nǹkan tọ́ka sí. Ẹ wò ó bóyá bíríkì oníhò wà níbẹ̀, òun ló ń fún abẹ́ ilẹ̀ ilé ní atẹ́gùn, kò gbọ́dọ̀ dí. Ẹ ya fọ́tò ibẹ̀ bó ṣe wà, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ kó iyẹ̀pẹ̀ yẹn kúrò, ewédú á hù dáadáa níwájú odi tó wà ní òdìkejì. Tí bíldà bá sì yára rán ẹnì kan wá pé kó wá rẹ́ ojú ibi tó sán yẹn, ẹ má gbà fún un, kí sọ̀fíyọ̀ (surveyor), ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ ilé wò, kọ́kọ́ wò ó, kó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀ fún yín.