Ojú kọ̀ǹpútà ń dúdú tí mo bá ń bá bàbá tún un ṣe láti òkèèrè

Ọmọ Mọ́kọlá: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Manchester ni mo wà, Ìbàdàn ni láptọ́ọ̀pù bàbá mi wà, Windows 11 Home ló wà lórí rẹ̀. Quick Assist, ètò Windows tó ń jẹ́ kéèyàn bá ẹlòmíì tún kọ̀ǹpútà ṣe láti òkèèrè, la fi ń ṣe é. Mo ń rí gbogbo nǹkan dáadáa, àmọ́ kété tí mo bá fẹ́ fi driver ẹ̀rọ ìtẹ̀wé (ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè lo ẹ̀rọ náà) sí i, gbogbo rẹ̀ á dúdú lọ́dọ̀ mi. Ṣé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ló ń já ni? Dátà fóònù ni wọ́n ń lò.

Alátùnṣe: Kò já rárá. Windows ló ń gbàṣẹ: àpótí Yes/No tí wọ́n ń pè ní UAC. Ojú ọ̀tọ̀ ni Windows ń gbé e sí, kí ètò burúkú kankan má baà fúnra rẹ̀ tẹ Yes. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀yin tí ẹ wà lókèèrè ò fi rí i. Bàbá ló máa tẹ̀ ẹ́. Ẹ wà lórí fóònù, kí wọ́n ka orúkọ inú àpótí náà sí yín létí. Bó bá jẹ́ ti iléeṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, kí wọ́n tẹ Yes. Bó bá ń béèrè pásíwọ̀ọ̀dù, a jẹ́ pé àkántì wọn kì í ṣe ti administrator, ìyẹn alábòójútó kọ̀ǹpútà, nìyẹn.

Àwọn kan á ní kí ẹ rẹ UAC sílẹ̀. Ẹ má dán an wò, pàápàá lórí láptọ́ọ̀pù àgbàlagbà.

Ẹ tún mọ̀ pé restart máa já yín. Bàbá á tún tẹ Ctrl, Windows àti Q pa pọ̀, ẹ̀yin á fún wọn ní kóòdù tuntun, ìṣẹ́jú 10 péré ló ń lò.

Ìyá Ìbejì: Ẹ kọ́kọ́ tan "Metered connection", ètò tó ń dín dátà tí Windows ń jẹ kù, lórí Wi-Fi tí fóònù wọn ń pín, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ Windows Update á jẹ dátà bàbá tán kí ẹ tó parí. Ẹ yọ àwòrán ẹ̀yìn ojú kọ̀ǹpútà, ẹ fi àwọ̀ kan ṣoṣo sí i, kí dátà lè dín kù. Driver yẹn, láti orí láptọ́ọ̀pù bàbá ni kí ẹ ti wà á jáde lórí ìkànnì iléeṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà.

Ọmọ Mọ́kọlá: Ó ti ṣe o! Bàbá tẹ Yes, ó wọlé. Ṣé kí n fi AnyDesk, ètò mìíràn tí wọ́n fi ń wọ kọ̀ǹpútà láti òkèèrè, sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú pásíwọ̀ọ̀dù, kí n lè máa wọlé nígbà tí wọn ò sí nílé?

Alátùnṣe: Láptọ́ọ̀pù tó bá ti sùn tàbí tí bátìrì rẹ̀ kú, AnyDesk nìkan ò lè jí i, nítorí náà àǹfààní ibẹ̀ ò tó nǹkan. Bí ẹ bá máa fi sílẹ̀ dandan, ẹ lo pásíwọ̀ọ̀dù gígùn, ẹ tan two-factor (kóòdù kejì lẹ́yìn pásíwọ̀ọ̀dù), kí ẹ sì ṣètò rẹ̀ kó jẹ́ nọ́ńbà AnyDesk tiyín nìkan ló lè wọlé. Remote Desktop ti Windows fúnra rẹ̀ ò ní gbà yín láyè lórí Home, torí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kí ẹ ṣí port 3389, ẹnu ọ̀nà tí Remote Desktop ń gbà wọlé, sílẹ̀.

Ẹ sọ fún bàbá náà pé AnyDesk yìí gan-an làwọn gbájúẹ̀ ń lò. Ẹni tó bá pè pé òun wá láti báǹkì, tó ní kí wọ́n ka nọ́ńbà orí AnyDesk fún òun, kí wọ́n pa fóònù náà mọ́ ọn létí.