Ilé tí àwọn ọmọ olóògbé fẹ́ tà fún wa ní Ìbàdàn: kí ni kí a yẹ̀wò kí a tó sanwó?

Ìyá Tèmítọ́pẹ́ béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ẹ̀yin èèyàn wa. Èmi àti ọkọ mi ti ń kó owó jọ sínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ibi iṣẹ́ wa, a sì ti fẹnu kò pé ilé tí wọ́n ti kọ́ parí ni a ó rà, nítorí pé owó sìmẹ́ǹtì àti ti irin kò jẹ́ kí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ilé lóde òní mọ ìgbà tí yóò parí rẹ̀. Alágbàtà kan mú wa lọ wo ilé oníyàrá mẹ́rin kan ní agbègbè Àpẹ̀tẹ̀. Baba tó kọ́ ilé náà ti di olóògbé. Ìyàwó méjì àti ọmọ mẹ́fà ni ó fi sáyé lọ. Àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin ni ó ń bá wa dúnàá dúrà. Ó fi ìwé sọ́fè (àwòrán tí awọnlẹ̀ fi ń júwe ilẹ̀) hàn wá, ó fi rìsíìtì tí ẹbí onílẹ̀ fún baba wọn hàn wá, àti ìwé àdéhùn kan tí agbẹjọ́rò ṣe nígbà náà, ṣùgbọ́n kò sí C of O, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ tí ìjọba máa ń fúnni.

Ayálégbé méjì ń gbé ní bọ́ìsì kọ́tà ẹ̀yìn ilé, ìyàwó kékeré baba náà ṣì wà nínú yàrá kan, ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, ibojì baba náà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Iye tí wọ́n pè é wálẹ̀ ju ti àwọn ilé àdúgbò lọ. Wọ́n ní bí a bá lè san ìdajì láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn kò ní fi ilé náà han ẹlòmíràn mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, níbo ni kí a ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí wa?

Amòfin Agodi dáhùn pé:

Ìyá Tèmítọ́pẹ́, ó dára tí ẹ béèrè nígbà tí owó ṣì wà lọ́wọ́ yín. Ẹ fi ọ̀rọ̀ C of O sẹ́yìn ná. Ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti ta ilé yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀, nítorí pé níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ra ilé olóògbé ti máa ń kó sí wàhálà.

Bí ọkùnrin Yorùbá bá kú láìṣe ìwé ìhágún, tó sì jẹ́ pé ìgbéyàwó ìbílẹ̀ ni ó ṣe, ilé tí ó fi owó ara rẹ̀ kọ́ di ilé ẹbí, ó sì di ti gbogbo ọmọ rẹ̀ lápapọ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin. Àkọ́bí ọkùnrin, tí a ń pè ní Dáwódù, ni olórí wọn, ṣùgbọ́n alámòójútó ni ó jẹ́, òun nìkan kọ́ ló ni ín. Láti ìgbà ẹjọ́ Ekpendu àti Erika ní 1959 ni ọ̀rọ̀ yìí ti dúró sójú kan nílé ẹjọ́: bí àwọn ọmọ kan bá ta ilé ẹbí láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, títà náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ rárá, bí olórí ẹbí bá sì tà á láìgba ohùn àwọn aṣojú ìdí kọ̀ọ̀kan (ìyàwó kan pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ ni ìdí kan), àwọn tí wọ́n kò gba ohùn wọn lè pe ẹjọ́, kí ilé ẹjọ́ sì fagi lé títà náà lẹ́yìn tí ẹ ti kó ẹrù yín wọlé. Nítorí náà, Dáwódù tó ń bá yín sọ̀rọ̀ tó ẹni tí ẹ lè bá jókòó, ṣùgbọ́n ọwọ́ òun nìkan kò tó lórí ìwé.

Níwọ̀n ìgbà tí ìyàwó jẹ́ méjì, ìdí-igi méjì ni ẹ ń bá dá òwò pọ̀. Nínú ẹjọ́ Dáwódù àti Dánmọ́lé (orúkọ ẹni ni Dáwódù níbí), tí ìgbìmọ̀ ọba ní Lọ́ńdọ̀nù (Privy Council) dá ní 1962, ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ kàn fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀, ìgbìmọ̀ náà sì gbà pé ìdí-igi, ìyẹn pípín dúkìá ní iye ìyàwó, ni àṣà tó gbilẹ̀, pé bí aáwọ̀ bá wà, olórí ẹbí lè pàṣẹ pé kí wọ́n pín in ní orí-ò-jorí, ìyẹn ní iye ọmọ. Bí wọ́n yóò ṣe pín owó yín láàárín ara wọn kì í ṣe ẹrù yín. Ohun tó kàn yín ni pé kí ìdí méjèèjì fọwọ́ sí i, kí àwọn ọmọ tí wọ́n ti dàgbà sì fọwọ́ sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan àwọn ọmọbìnrin tó wà nílé ọkọ, tí àwọn ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin máa ń sọ pé “kò sí ohun tó kàn wọ́n níbẹ̀.” Ìbàdàn ni a wà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un: ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú ìwé mọ́gàjí agbo ilé wá rọ́pò ìfọwọ́sí àwọn ọmọ. Mọ́gàjí ní ohùn lórí ilẹ̀ agbo ilé, kò ní ohùn lórí ilé tí baba yìí fi owó ara rẹ̀ rà.

Ẹ béèrè bóyá ó ṣe ìwé ìhágún, kí ẹ sì béèrè bí ó ṣe fẹ́ ìyàwó àkọ́kọ́. Bí ó bá jẹ́ pé kọ́ọ̀tù tàbí ṣọ́ọ̀ṣì tó ní ìwé àṣẹ ni wọ́n ti so wọ́n pọ̀, òfin mìíràn ni yóò máa darí dúkìá rẹ̀, ìyàwó náà yóò sì ní ìpín tirẹ̀. Bí kò bá sí ìwé ìhágún, kí àwọn ọmọ lọ gba ìwé àṣẹ láti ṣàkóso dúkìá olóògbé ní ilé ẹjọ́ gíga ní Ring Road. Iye àwọn tí orúkọ wọn máa ń wà nínú ìwé náà kì í ju mẹ́rin lọ, gbogbo wọn ni yóò sì fọwọ́ sí títà ilé. Àǹfààní tó wà níbẹ̀ fún yín ni pé ilé ẹjọ́ máa ń kéde rẹ̀ kí ó tó fi àṣẹ sílẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ tí baba bí síta tàbí ìyàwó tí wọn kò dárúkọ fún yín yóò fi jáde kí ẹ tó sanwó, dípò kí ó jáde lẹ́yìn rẹ̀. Ẹbí tó bá ní ìwé yìí pọ̀ jù, pé ó ń pẹ́, ẹ fi wọ́n sílẹ̀.

Awọnlẹ̀ Òkè-Àdó dáhùn pé:

Mo kí Ìyá Tèmítọ́pẹ́, mo sì kí amòfin wa. Ní ti ìwé sọ́fè, ẹ má ṣe gbà á gbọ́ nítorí pé ó gbó, tí ó sì ní òǹtẹ̀. Ẹ gba ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹ fún awọnlẹ̀ tí ẹ̀yin fúnra yín gbà, kì í ṣe èyí tí alágbàtà mú wá. Yóò kọ́kọ́ lọ sórí ilẹ̀ náà láti wá àwọn pílà (òpó kékeré tí wọ́n rì sí igun ilẹ̀), kí ó rí i bóyá nọ́ńbà ara wọn bá ti inú ìwé mu. Lẹ́yìn náà ni yóò gbé e lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà àwọn awọnlẹ̀ ìpínlẹ̀ ní Sẹkitéríàtì, kí wọ́n gbé ilẹ̀ náà sórí máàpù ìjọba. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti mọ̀ bí ìjọba bá ti gba apá ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ fún iṣẹ́ ìlú, tàbí bí ojú ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ fẹ̀ bá gba inú àgbàlá kọjá. Mo ti rí ìwé sọ́fè tó mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé ilẹ̀ mìíràn ni ó ń júwe.

Àpẹ̀tẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Odò Ọ̀nà àti ìdídò Ẹlẹ́yẹlé kò jìnnà síbẹ̀, ẹni tó bá sì wà ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011 kò ní gbàgbé bí omi ṣe gbé afárá Àpẹ̀tẹ̀ lọ. Nínú oṣù kẹjọ kan náà ní 1980 ni odò Ògùnpa ya wọ ìlú. Nítorí náà, kí awọnlẹ̀ yín wọn iye mítà tó wà láàárín ògiri ilé àti bèbè odò tàbí ojú àgbàrá tó bá súnmọ́ ọn jù, kí ó sì béèrè lọ́wọ́ ọ́fíìsì ètò ìlú bóyá ilé náà wọ inú ààyè tí òfin ní kí wọ́n fi sílẹ̀ fún odò. Ilé tó bá wọ inú ààyè yẹn kò ní ẹni tó máa san owó gbà-má-bínú fún un lọ́jọ́ tí katakata tó ń wó ilé bá dé. Ẹ wo ara ògiri àwọn aládùúgbò pẹ̀lú: àmì omi máa ń pẹ́ lára ògiri tí wọn kò tún kùn.

Àìsí C of O kò ní kí ẹ sá. Ọ̀pọ̀ ilé rere ní Ìbàdàn ni kò ní in. Ẹ jẹ́ kí amòfin yín yẹ ìwé wò ní ibi ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀, kí ẹ lè mọ̀ bí ìwé àdéhùn baba náà bá wà ní àkọsílẹ̀, àti bóyá wọ́n ti fi ilé náà dúró fún owó báǹkì kan.

Bíríkìlà Mọ̀níyà dáhùn pé:

Ẹ̀yin ọ̀gá ti sọ̀rọ̀ ìwé, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilé gan-an, nítorí pé iye tó wálẹ̀ máa ń ní ìdí. Ẹ lọ wò ó lẹ́yìn òjò ńlá, ẹ má lọ pẹ̀lú alágbàtà, kí ẹ sì mú ẹni tó mọ iṣẹ́ ilé dání. Lílà tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lára pílásítà kò tó nǹkan. Èyí tó yẹ kó dẹ́rù bà yín ni lílà tó bẹ̀rẹ̀ láti igun fèrèsé tó sì ń dà gẹ̀rẹ̀ lọ sísàlẹ̀, tàbí èyí tí ìka lè wọ̀, nítorí pé ìpìlẹ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ìsàlẹ̀ ògiri nìkan, ẹ fi ọwọ́ kàn án, kí ẹ mọ̀ bí ó bá tutù. Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan gun òkè àjà, kí ó wo àwọn igi òrùlé bí ikán bá ti dé ibẹ̀.

Ẹ béèrè ibi tí sókàwéè wà, kí ẹ sì wo bí ó ṣe jìnnà sí kànga tó. Ní Àpẹ̀tẹ̀, kànga kan lè kún lóṣù kẹsàn-án kó sì gbẹ lóṣù kejì, àwọn ayálégbé ni yóò sì sọ òtítọ́ rẹ̀ fún yín ju ẹni tó ń tà á lọ. Ẹ béèrè gbèsè iná náà, kí ẹ mọ orúkọ tó wà lórí mítà.

Mákànjúọlá dáhùn pé:

Gbogbo ohun tí ẹ sọ dára, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó tíì mẹ́nu ba àwọn tó ń gbé inú ilé. Bí ẹ bá ra ilé tí ayálégbé wà nínú rẹ̀, ẹ ra àwọn ayálégbé náà mọ́ ọn. Ayálégbé tó ń san owó lọ́dọọdún ní ẹ̀tọ́ sí ìwé ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà, èyí tó ń san lóṣooṣù ní ẹ̀tọ́ sí ti oṣù kan, àyàfi bí àdéhùn wọn bá sọ ohun mìíràn. Lẹ́yìn náà ni ìwé ọlọ́jọ́ méje máa tó tẹ̀lé e, kí ẹ tó lọ sílé ẹjọ́. Ẹ ní kí wọ́n fi rìsíìtì wọn hàn yín, kí ẹ mọ iye ọdún tí Dáwódù ti gba owó rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú àdéhùn pé láti ọjọ́ báyìí lọ, ẹ̀yin ni owó ilé di tiyín.

Ìyàwó kékeré tó wà nínú yàrá ni mo rò pé ó ṣòro jù. Àṣà wa kò lé opó jáde nílé ọkọ rẹ̀, ẹ̀yin kọ́ ni ó sì yẹ kí ẹ máa bá a fa á. Kí ẹbí kó o lọ sí ibòmíràn tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, kí yàrá náà ṣófo, kí ẹ tó san owó tó kù. Ní ti ibojì, èmi kò ní ra ilé tó ní ibojì, àfi bí wọ́n bá gbé e kúrò.

Ẹ má san ìdajì owó fún ẹnikẹ́ni láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ẹ bá fẹ́ fi hàn pé ẹ ṣetán, ẹ fi owó díẹ̀ sọ́wọ́ agbẹjọ́rò, pẹ̀lú ìwé pé yóò padà sọ́wọ́ yín bí ìwádìí kò bá dára.

Ìyá Tèmítọ́pẹ́ kọ pé:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ kò ní kú sójú ọ̀nà. Ọkọ mi ti sọ fún alágbàtà pé a kò ní san ìdajì. Ìbéèrè méjì ló kù. Ẹbí ní àwọn kò lè gbé ibojì kúrò, àti pé ọmọbìnrin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù yóò fi fóònù sọ̀rọ̀ pé òun gbà. Ṣé ìyẹn tó?

Amòfin Agodi dáhùn pé:

Kò tó. Ohùn orí fóònù kì í ṣe ìfọwọ́sí. Kí ó ṣe ìwé aṣojú, kí ó fọwọ́ sí i níwájú nótárì ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní ọ́fíìsì aṣojú Nàìjíríà tó wà ní Northumberland Avenue. Ìwé náà gbọ́dọ̀ dárúkọ ilé yìí gan-an, kí ó sì sọ ní pàtó pé ó fún aṣojú rẹ̀ lágbára láti tà á. Ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ kò ju “láti bójú tó” lọ, ìyẹn kò sì gba títà. Bí ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó máa fọwọ́ sí i kò bá mọ̀wé, ẹ jẹ́ kí ó wà lórí ìwé pé wọ́n kà á fún un ní Yorùbá, ó sì yé e kí ó tó tẹ̀ka.

Ní ti ibojì, èmi kò lè dá Mákànjúọlá lẹ́bi, ṣùgbọ́n ọ̀nà wà. Bí wọ́n bá fẹ́ gbé e, àṣẹ ìjọba ìbílẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbà. Bí wọn kò bá gbé e, kí awọnlẹ̀ yọ ẹsẹ̀ bàtà tí ibojì náà gbà kúrò nínú ìwé sọ́fè tuntun tí ẹ máa ṣe, pẹ̀lú ọ̀nà tóóró kan láti ojú títì, kí ẹ sì dín owó ibẹ̀ kúrò nínú iye tí ẹ máa san. Bí wọ́n bá ní kí ó wà nínú ilẹ̀ yín, kí àdéhùn sọ ọjọ́ tí wọ́n lè wá síbẹ̀ lọ́dún, iye èèyàn tó lè wá, àti pé wọn kò lè sin òkú mìíràn síbẹ̀. Owó gbogbo kí ó lọ sínú àkáǹtì tí àwọn alákòóso dúkìá ṣí lórúkọ dúkìá olóògbé, kì í ṣe ti Dáwódù. Agbẹjọ́rò tiyín ni kí ó kọ ìwé aṣojú ti Lọ́ńdọ̀nù náà ránṣẹ́ sí i, kí ẹ má dúró de ti wọn.